Ọjọ́ Tí Okùn Mi Purọ́ ní Pápá Pobè

Koríko ni mo sìn fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú àwọn tí a jọ dàgbà, àwọn kan sin ìjọba, àwọn kan wa ọkọ̀, àwọn kan sọdá sí Nàìjíríà lọ po sìmẹ́ńtì. Èmi, pápá bọ́ọ̀lù ni mo tọ́jú, ní Sakété lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Pobè, títí orúnkún mi fi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi ní etí díẹ̀. N kò ní fi oyin pa ọ̀rọ̀ náà fún yín.

Issaba ni wọ́n bí mi sí. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi ń gbìn, ó sì rò pé èmi náà á gbin tèmi. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ni ọkàn mi fẹ́. Aburú ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ ẹ. Bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù sí ìlà oòrùn, ìwọ̀ oòrùn ló ń gbà lọ. Nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún, mo gbọ́ pé ọkùnrin tó ń tọ́jú pápá Sakété ń wá ẹni tí á kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

Ó ní, "Ṣé o lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán?"

Mo ní, "Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ọ̀gá."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti owó iṣẹ́, ó tó jẹun, ó tó fẹ́yàwó, kò tó kọ́ ilé alájà. Ẹ jẹ́ ká gbé ìyẹn tì.

Sínsù ni orúkọ ọ̀gá mi. Ọmọ ẹ̀yà Gùn ni, ará Àjàṣẹ́. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì ń sọ Yorùbá wa bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kì í pariwo. Bí o bá ṣe ohun tí kò dára, á kàn dákẹ́, á máa wò ọ́, títí ìwọ fúnra rẹ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Odindi oṣù mẹ́ta ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àdá. Láràárọ̀, ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n fi ẹsẹ̀ lásán rin pápá náà já, lọ bọ̀, lọ bọ̀, bí ẹni ń kọ ebè. Ẹ̀gún, àfọ́kù ìgò, ìṣó, gbogbo rẹ̀ ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi bá pàdé.

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ọ̀gá, ṣé n kò lè wọ bàtà kí n máa fi ojú wá wọn?"

Ó ní, "Ohun tó bá máa gún wọn lọ́sàn-án, ìwọ ni kó kọ́kọ́ gún láàárọ̀. Iṣẹ́ tó o wá kọ́ nìyẹn."

Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú nígbà náà. Ó tó ọdún mẹ́wàá kó tó yé mi pé ọkùnrin náà ti fi gbólóhùn kan kọ́ mi tán.

Lẹ́yìn koríko ló kan ìlà fífà. Ẹfun la fi ń fà á, a ó pò ó mọ́ omi nínú korobá, a ó fi bùrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé okùn. Okùn ọ̀gbọ̀ ni okùn ọ̀gá mi. Ó ta kókó sí i, ó sì so àkísà pupa mọ́ ibi tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá parí sí: ibi tí òpó máa wà, ibi tí àpótí iwájú ilé máa dé, ibi tí wọ́n á ti máa gbá pẹ́nátì, tí í ṣe mẹ́tà mọ́kànlá gééré, bí ìṣísẹ̀ gígùn mọ́kànlá, sí ẹnu ilé. Ó tún ní ọ̀pá irin kan tó jẹ́ mẹ́tà kan péré, kò lé, kò dín.

Ó ní, "Kí o tó na okùn lọ́jọ́ màtíì, lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ méjì bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, fi ọ̀pá irin yìí wọn okùn fúnra rẹ̀. Okùn dà bí èèyàn. Bó bá ti mu omi, ó ń sún kì, kò ní mọ̀ pé òun ti kúrú."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá fa ìlà, mo fa ìlà ẹ̀gbẹ́ kan tó wọ́ bí ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì. Ọjọ́ ọjà Sakété ni. Ọ̀gá mi gbé korobá omi àti ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó sì nawọ́ sí ìlà náà. Mo fọ̀ ọ́ kúrò láti orí dé ìdí, níṣojú gbogbo ẹni tó ń ti ọjà bọ̀. Obìnrin kan tó ru abọ́ taǹganran lórí dúró, ó wò mí, ó ní, "Ẹ kú ìfọ̀, ṣé ilẹ̀ náà ń lọ sí àwẹ̀jẹ-wẹ̀mu ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ràmátù ni obìnrin náà ń jẹ́, ọmọ àwọn oníṣòwò mùsùlùmí ní Sakété. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó di ìyàwó mi, ó sì bí Lúsíà fún mi. Nítorí náà, n kò lè sọ pé ìtìjú ọjọ́ yẹn kò ní èrè.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń mu epo dé, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ, ó sì máa ń ta òkúta. Ó ti fọ́ gíláàsì ọkọ̀ kan rí, a dúpẹ́ pé kò sí ẹni nínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a ń tì, tó ń da ẹfun sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bùrọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ọ̀gá mi ń padà sí Àjàṣẹ́ lọ sinmi, ó fi okùn àti ọ̀pá irin rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Èmi sì kọjá sí Pobè, níbi tí wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ la pápá. Ilé iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì, olórí ìjọba ìlú, fún mi ní okùn ìwọ̀n tuntun, èyí aláwọ̀ ìyeyè tó ń ká ara rẹ̀ wọ inú ike. Kò mọ òjò, kò mọ oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni okùn ọ̀gbọ̀ ṣe di ohun tí a kọ́ sára ògiri ilé ìdáná.

Ẹ sún mọ́ mi wàyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù la dé yìí.

Àwọn ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà máa ń du ife kan láàárín ara wọn, tiwa níhìn-ín àti ti Nàìjíríà lọ́hùn-ún. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kan láti ìhà tiwa tó gba ife náà rí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ wa, Ẹ̀lúlùú, na gbogbo ẹni tó wá síwájú rẹ̀, ó sì dé àṣekágbá. Ẹgbẹ́ tó kù ni Mọ̀nàmọ́ná, láti apá Ẹ̀gbádò, àwọn tó ti gba ife náà tó sú wọn. Pápá wa ni wọ́n sì yàn. Pápá mi! Mi ò lè jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan.

Òjò rọ̀ ní ìdájí ọjọ́ náà. Nígbà tí mo dé pápá, òjò ti gbá ìlà apá kan lọ pátápátá, apá tó kọjú sí ọ̀nà Issaba. Mo wá okùn ìwọ̀n ìyeyè mi, n kò rí i. Àwọn káfíńtà tó ń kan àtíbàbà fún àwọn ènìyàn pàtàkì ló ti yá a lánàá, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n gbé e sí. Ilé mi kò jìnnà, ẹ̀yìn pápá gan-an ni. Mo sáré lọ já okùn ọ̀gbọ̀ lára ògiri ilé ìdáná. Òrùlé ibẹ̀ ń jò. Okùn náà tutù rin. Mo rí i pé ó tutù, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá irin sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú yàrá.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Pirẹsidá, ń ké láti ẹnu pápá, "Bàsíìlì! Àwọn àlejò ti dé! Kí lò ń ṣe nílé?"

Mo ní nínú ara mi pé, báwo ni okùn ṣe fẹ́ kúrú tó? Mo fi ọ̀pá irin sílẹ̀. Mo sáré padà, mo na okùn, mo tẹ ẹfun.

Lọ́sàn-án, èrò tó wá kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Wọ́n wà lórí igi, wọ́n wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ará Nàìjíríà ń pariwo "góòlù", àwa ń pariwo "bíì". Àwọn ń pe onífèrè ní "rẹfirí", àwa ń pè é ní "aabítì". Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnu kan náà la fi ń bú ara wa, kò sí èébú tó nílò ògbufọ̀.

Wọ́n gbá a títí, kò sẹ́ni tó jẹ bíì kan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aabítì fọn fèrè ìparí, ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan tó ń jẹ́ Rómúáà já wọ iwájú ilé wọn, apá ọ̀nà Issaba. Ẹnì kan gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣubú. Pẹ́nátì!

Gbogbo Pobè dìde. Àmọ́ aṣọ́lé wọn, ọkùnrin gíga kan tí wọ́n ń pè ní Délé, kò pa dà sáàárín òpó rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti ìlà ẹnu ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣísẹ̀ gígùn rìn bọ̀ síbi àmì ẹfun mi, ó ń kà á sókè. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó ṣíjú wo aabítì.

Ó ní, "Rẹfirí, ibí yìí sún mọ́lé jù! Lójoojúmọ́ ni mò ń rìn ín. Ẹ bá mi wọ̀n ọ́n!"

Aabítì náà wá láti òkè àríwá, kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó rí ni aṣọ́lé tó ń fi àkókò ṣòfò. Ó fi káàdì ìyeyè hàn án, ó ní kó padà. Àwọn ènìyàn wa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá igun pápá. Mo wo ọwọ́ mi tó di okùn tútù náà mú láàárọ̀.

Rómúáà gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó gbá a. Délé fò síbi tó yẹ kó fò sí, ìka rẹ̀ tilẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti yára jù ú lọ. Ó wọlé.

Ẹ̀lúlùú gba ife! Mo rí àgbàlagbà tó ń yí nínú ẹrẹ̀. Wọ́n gbé mi náà sókè, wọ́n ní pápá Bàsíìlì ló ṣe é. Wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Nígbà tí èrò tẹ̀ lé ife lọ sí ìgboro, mo wọlé lọ mú ọ̀pá irin. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilé, mo ń gbé e lélẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbé e lẹ́ẹ̀kọkànlá, orí rẹ̀ kọjá àmì ẹfun mi. Ó fi ohun tó tó láti ìgúnpá mi dé orí ìka kọjá rẹ̀. Mo ní mo ti ṣì í kà. Mo tún un wọ̀n. Mo lọ sí apá kejì, èyí tí mo ti fà ṣáájú òjò. Ìyẹn pé gééré. Mo padà wá, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta. Mo jókòó sórí koríko tútù, mo gbé ọ̀pá náà lé orúnkún.

Ràmátù ló wá bá mi níbẹ̀. "Bàbá Lúsíà, kí ló dé? Ṣé wọ́n lù yín ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó wo ọ̀pá, ó wo ẹfun.

Ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

Mo ní, "Èmi. Ìwọ náà báyìí."

Ó jókòó tì mí, ó wá ní, "Bí ẹ bá lọ sọ ọ́, àwa méjèèjì la máa jẹ ìyà rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jẹ ẹ́. Ẹ yan èyí tí ẹ bá lè gbé."

Wọ́n ń fún ẹgbẹ́ méjèèjì lóúnjẹ ní gbọ̀ngàn ilé iṣẹ́ mẹ́ẹ̀rì. Mo wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí mi. Mo lọ tààrà sọ́dọ̀ alábòójútó ìdíje, mo gbé ọ̀pá irin sórí tábìlì, láàárín ìrẹsì àti ìgò ọtí.

Mo ní, "Ọ̀gá, ibi tí wọ́n ti gbá pẹ́nátì yẹn kò pé. Okùn tútù ni mo fi wọ̀n ọ́n. Aṣọ́lé wọn kò purọ́, èmi ni mo ṣì í."

Pirẹsidá dìde díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Bàsíìlì, ṣé ọtí lo mu?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ìlú wo lo ti wá? Ta ló bí ọ?" Ọkùnrin tó sun ẹkún ayọ̀ sí mi léjìká ní wákàtí kan ṣáájú ló ń bi mí pé ta ló bí mi!

Gbogbo wọn dà lọ sí pápá, oòrùn kò tíì wọ̀. Alábòójútó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀. Nígbà tó nàró, ó ní aṣọ́lé ti fẹ̀sùn kàn kí wọ́n tó gbá a, ẹ̀sùn rẹ̀ sì jóòótọ́. Ife padà sínú àpótí, wọ́n á tún un gbá lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ní Sakété. Délé kò yọ̀. Ó kàn jókòó ti òpó ilé, ó gbé orí lé orúnkún.

Wọ́n tún un gbá. Mọ̀nàmọ́ná jẹ méjì, Ẹ̀lúlùú kò jẹ rárá. Kò sí ẹ̀sùn kankan tí ẹnikẹ́ni lè fi kan pápá. Láti ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ wa kò dé àṣekágbá mọ́.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń pa lówe láti kékeré, mo fi ojú mi rí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n ṣẹ́gun wa, mo jí rí i pé wọ́n ti fi ẹfun, ẹfun mi gan-an, kọ ỌDÀLẸ̀ sára ògiri ilé mi, lẹ́tà rẹ̀ ga tó èèyàn. Ràmátù gbé taǹganran rẹ̀ lọ sọ́jà Pobè, ó gbé e padà bó ṣe gbé e lọ. Ó tó oṣù mẹ́rin kí obìnrin kan tó dúró níwájú àtẹ rẹ̀. Kò fi í bú mi rí, kò fi í yìn mí rí. Ó po omi mọ́ ọṣẹ, ó fọ ògiri náà, èmi sì bá a fọ̀ ọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé wọn kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀. Mẹ́ẹ̀rì pè mí, ó ní, "Ta ni kí n gbé e fún? Ẹni tí kò ní sọ fún mi bó bá ṣì í?" Mo ṣe é fún ọdún mẹ́fà sí i. Ní gbogbo ọjọ́ màtíì, mo ń wọn okùn ìyeyè náà pẹ̀lú ọ̀pá irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sún kì láéláé. Àwọn èèyàn ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára, mo máa ní ó dára. Ẹ ó máa gbọ́ òórùn koríko tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ẹ ó sì rí ènìyàn ẹgbẹ̀rún tí inú wọn dùn lórí ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín ṣe, tí kò sí ẹnì kan tó máa rántí yín. Ṣùgbọ́n kò sí iṣẹ́ kékeré. Gbogbo iṣẹ́ ló ní ọjọ́ kan tí á dúró níwájú rẹ, tí á ní kó o sọ ohun tí o ṣe. Ọjọ́ náà kì í ránṣẹ́ ṣáájú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àfi ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí dé, tí ọkọ̀ alùpùpù kan gbé ọkùnrin kan wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti sanra díẹ̀, ó wọ awò ojú. Ó kí mi, ó dọ̀bálẹ̀. Rómúáà ni. Ó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ tipẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ìhà Ita-Djèbou. Mo rò pé ó wá bá mi jà. Mo tilẹ̀ ti ń wá ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀.

Kò jókòó nígbà tí mo fún un ní àga.

Ó ní, "Bàbá, mo mọ̀."

Mo ní, "Kí lo mọ̀, ọmọ mi?"

"Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré ni mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti mẹ́tà mọ́kànlá. Bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, ara mi ti sọ fún mi pé kò pé. Mo gbọ́ ohun tí aṣọ́lé yẹn ń wí, mo gbọ́ Yorùbá rẹ̀, aabítì ni kò gbọ́. Bí mo bá sọ ọ́ fún aabítì ní faransé, á wọ̀n ọ́n. Mo dákẹ́, mo gbá a." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yẹn sára ògiri yín, mo kọjá níwájú rẹ̀, mo kà á, mo tún dákẹ́. Ẹ̀yin nìkan ni ìlú bú. Ó yẹ kí a jẹ́ méjì."

Mo dìde, mo tún jókòó. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni mo fi rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀ kí ilé ayé tó mọ̀. N kò rí ìbínú wá, n kò sì rí ìdáríjì wá. Ìyàlẹ́nu ló kún gbogbo inú mi, kò fi àyè sílẹ̀ fún ohun mìíràn. Ọkùnrin náà dúró lójú oòrùn, ó ń sunkún, awò ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ràmátù ti ń gbọ́ wa láti inú ilé. Ó jáde, ó wo Rómúáà láti òkè dé ilẹ̀, kò kí i. Ó yíjú sí mi.

Ó ní, "Bàbá Lúsíà, ẹ fún un lómi. Láti ọjọ́ náà ni òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́."